Etí Lẹ́nu Ìkòkò: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíà Àfọwọ́pọn Tí Mo Tọ́ Wò Láàárín Ọdún Kan

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìpéjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti Ọbáńtokò àti Àdàtán wá, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí ẹ̀sìn wọn kò gbà wọ́n láyè láti fẹnu kan ọtí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, inú mi sì dùn pé ẹ ṣì jókòó, torí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo bá wá, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa fi tọ́mọ, tí àwọn mìíràn fi kọ́lé.

Ẹ ní kí n wá sọ àwọn bíà àfọwọ́pọn tó wù mí jù nínú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lọ́dún tó kọjá. Kí ọ̀rọ̀ wa lè bára mu, ohun tí mò ń pè ní bíà ni ọtí tí a fi ọkà pọn: a mú ọkà hù, a lọ̀ ọ́, a sè é, a jẹ́ kó hó fúnra rẹ̀ láìsí iná. Báálì ni o, bàbà ni o, àgbàdo ni o, bíà ni. Ẹmu àti ògùrọ̀ kò sí nínú rẹ̀, torí igi ló ń sun ìyẹn fún wa, adẹ́mu kò pọn ọ́n. Àfọwọ́pọn sì ni èyí tí ẹnì kan tàbí ìdílé kan ń pọn níwọ̀nba, tó jẹ́ pé ẹni tó pọn ọ́n gan-an ló máa bù ú fún ọ, tí o lè bi í léèrè bó ṣe ṣe é.

Ìgò kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Bẹ́líjíọ̀mù wá kí wa, ó sì ti ìgò Orval méjì sáàárín aṣọ nínú báàgì rẹ̀. Ilé àwọn mọ́ńkì Trappist kan, àwọn ọkùnrin ẹ̀sìn Kátólíìkì tó ń gbé pọ̀ fún àdúrà àti iṣẹ́, ní gúúsù Bẹ́líjíọ̀mù ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ní 1931 ni wọ́n dá ilé ìpọntí ibẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ tún ilé ẹ̀sìn wọn tó ti wó kọ́. Ẹja kan tó fi òrùka sẹ́nu ló wà lára ìgò rẹ̀. A ṣí i nílé wa ní Àsérò lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ìfófó rẹ̀ ga, ó funfun, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní, “Ìyá Ṣọlá, ewúro rèé.” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó gbé e mì ni òórùn kan ti gbá mi nímú, tí mo fi gbé ife sílẹ̀. Òórùn ìkòkò Ìyá àgbà mi ni, ní Ìtòkò, nítòsí Òkúta Olúmọ, lọ́jọ́ kẹta tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, bá ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Láti ìgbà tí Ìyá àgbà ti kú, mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́.

Kẹ́mísìrì ni mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kọjá lójú mi láìwádìí. Ohun tí mo rí ni pé tí àwọn mọ́ńkì yẹn bá fẹ́ rọ Orval sínú ìgò, wọ́n máa ń fi irú ìwúkàrà mìíràn kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Brettanomyces. Claussen, ará Dẹ́ńmáàkì tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìpọntí Carlsberg, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1904. Ìwúkàrà igbó ni. Ara igi àti èèpo èso ló ń gbé. Ṣúgà tí ìwúkàrà tó kù bá jẹ kù, òun a máa jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọtí náà a gbẹ lẹ́nu, òórùn rẹ̀ a sì máa yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí ńlá ló ń sá fún un. Àwọn mọ́ńkì yìí ń wá a. Mo wá bi ara mi pé: kí ló wà nínú ìkòkò Ìyá àgbà? Ta ló ṣì mọ̀ ọ́n pọn?

Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé Sábó.

Ìyá kan wà níbẹ̀, ará Òkè Ọya, ó ti lé lógún ọdún nínú ìlú yìí, Yorùbá rẹ̀ sì ti di ti Ẹ̀gbá pátápátá. Pítò àti bùrùkùtù ló ń pọn. Mo sọ fún un pé mi ò wá rà nìkan, mo fẹ́ jókòó wò ó. Ó wò mí lókè nílẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, torí ọjọ́ yẹn ló máa kó ọkà rẹ́.

Ọkà bàbà pupa ló ń lò. Ó rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, ó gbọ́n omi rẹ̀ nù, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó da ọkà lé e, ó sì fi àpò ìdọ̀họ bò ó. Lójoojúmọ́ ló ń wọ́n omi sí i, tó ń yí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú ọwọ́ mi, ó tì í bọ inú òkìtì ọkà náà títí dé ọrùn ọwọ́. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ti lọ́ mọ́ra wọn bí òwú, nígbà tó sì gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sókè, ó wá bí ẹní. Ó ní, “Tó bá gbóná ju báyìí lọ, ó ti bàjẹ́. Màá tú u ká ni.” Ó sì tú u ká lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí gbòǹgbò àti ọ̀mùnú fi já kúrò lára rẹ̀, ó fẹ́ ẹ nínú atẹ. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Gbòǹgbò àti ọ̀mùnú bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní èròjà kan nínú tó ń di sáyánáìdì, májèlé gidi. Rírà tó ń rà á, fífẹ́ tó ń fẹ́ ẹ, sísè tó máa tó sè é, ara ohun tó ń mú májèlé yẹn kúrò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ní yàrá kẹ́mísìrì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá fi irun ọkà sílẹ̀ fẹ́ pànìyàn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí tó tún kù dáadáa, torí òun ló mú mi wá síbí. Nígbà tí ọkà bá ń hù, ó máa ń ṣe ohun tí a ń pè ní ensáìmù, tó ń gé ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ṣúgà láti fi bọ́ ọ̀mùnú. Apọntí a dá a dúró lójú ọ̀nà, a gbà á lọ́wọ́ ọ̀mùnú, a gbé e fún ọtí. Ti báálì rọrùn: nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 60 sí 65 ni ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń là, kó rọ̀ kí ensáìmù lè gé e, ensáìmù rẹ̀ sì ṣì wà láàyè ní ìwọ̀n yẹn. Bàbà le. Ó máa ń tó 70, ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyẹ̀fun rẹ̀ tó là, nígbà tí ooru bá sì dé ibẹ̀ yẹn, púpọ̀ nínú ensáìmù ti ń kú. Gbé e kaná, o pa òṣìṣẹ́. Má gbé e kaná, iṣẹ́ kò ní í ṣeé ṣe.

Ìyá Sábó po ọkà lílọ̀ mọ́ omi tútù, ó fi sílẹ̀ kó tòrò. Ó wá fi ahá bu omi orí rẹ̀, jẹ́jẹ́jẹ́, kí ìdí rẹ̀ má bàa rú, ó rọ ọ́ sínú ìkòkò mìíràn, ó bò ó. Ìdí rẹ̀ tó ki ló gbé kaná, tó sè títí tó fi dà bí ògì gbígbóná. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dúró, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tún dúró, ó tún ti ìka bọ̀ ọ́. Ó wá da omi orí yẹn padà sí i, ó rò ó pọ̀. Mo ti tẹmómítà ilé ìwé bọ̀ ọ́: 65.

Mo bi í pé kí ló dé tí kì í sè gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní, “Olùkọ́, omi orí yẹn lọwọ́ ọtí. Tó o bá sè é, o ti gé e lọ́wọ́.”

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Bàfáríà ní Jámánì àti Bòhémíà, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ń ṣe kí tẹmómítà tó délé ìpọntí. Wọ́n á bu lára ọkà tó wà nínú omi lọ́tọ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á dà á padà sínú èyí tí wọn kò sè, ooru gbogbo rẹ̀ á sì gòkè níwọ̀nba. Bí apọntí Josef Groll ṣe pọn bíà pupa rẹ́súrẹ́sú ìlú Plzeň, ní Bòhémíà, ní 1842 nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń pọn Pilsner Urquell títí dòní nìyẹn. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wò ó. Ọgbọ́n ti Plzeň àti ọgbọ́n ti Sábó, ìbátan ni wọ́n. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì láti ọdún yìí wá, tí ọkọ̀ mi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò yẹn kọjá ní ọ̀sẹ̀ mélòó, mi ò mọ̀.

Pítò rẹ̀ ni mo yàn láàyò. Bùrùkùtù ki, wọ́n máa ń fi gààrí sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wà nínú ahá; àwọn tó ṣiṣẹ́ agbára ló wù. Pítò ni wọ́n sẹ́. Ó kan díẹ̀ bí omi ògì, ó ní òórùn ọkà yíyan lábẹ́, adùn rẹ̀ kéré, ó sì máa ń kẹ́yìn. Kì í le. Nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú rẹ̀, nígbà tí Orval jẹ́ 6.2, tí stout Guinness tí ẹ̀ ń pè ní òdékú sì jẹ́ 7.5.

Ilé iṣẹ́ ńlá náà kò ṣàjèjì sí bàbà. Ní 1946 ni wọ́n dá Nigerian Brewery sílẹ̀, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú ní 1949, Guinness sì ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962. Báálì láti òkè òkun ni wọ́n ń lò. Nígbà tó di 1988, ìjọba ológun Babangida fòfin de kíkó báálì tí wọ́n ti mú hù wọlé, làwọn ilé iṣẹ́ bá yíjú sí bàbà àti àgbàdo. Ìṣòro ooru tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ló pàdé wọn lọ́nà. Ensáìmù tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ wọn fi yanjú rẹ̀. Ìyá Sábó fi ahá yanjú tirẹ̀.

Mo lọ sí Èkó náà, mo tọ́ ti Bature Brewery wò, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé bíà àfọwọ́pọn irú ti òde òní kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Bíà dúdú wọn ni mo fẹ́ràn: ó korò bí kọfí, ó sì rọ lẹ́nu. Ọmọkùnrin tó bù ú fún mi dáhùn gbogbo ìbéèrè mi, inú mi dùn sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tún gbé àgàdàgídí bọ̀ láti Oǹdó, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ṣe. Kì í ṣe bíà, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ mu ún lọ́jọ́ náà gan-an, torí kì í dúró de ọ̀la.

Ó wá ku ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Ọwọ́ àwọn alágbàdo Láfẹ́ńwá ni mo ti kọ́kọ́ wádìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń pọn ọ́n. Oṣù kẹta ni bàbá kan tó ń já àgbàdo sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ayétòrò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọn kò pọn ọ́n tà mọ́, ìgbà tí ìdílé wọn bá ń ṣọdún nìkan ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní, “Ọmọ ta ni ẹ́ ní Ìtòkò?” Mo sọ orúkọ ìdílé wa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti jẹ ẹ̀kọ ìyá ìyá mi rí, nígbà táwọn ń ná ọjà Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí n mú àgbàdo wá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Àgbàdo tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan pupa rúsúrúsú lára, mo rò pé irú rẹ̀ ni. Màmá fi omi sí i lọ́wọ́, omi náà di pupa. Wọ́n dà á nù lójú ẹsẹ̀. Àgbàdo gbíngbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa lára ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ má fi irúgbìn olóògùn pọntí láéláé, ẹ má sì lo ọkà tó bá ti hu èéhù dúdú tàbí aláwọ̀ ewé. Èyí tí mo pọn fúnra mi nílé lẹ́ẹ̀kejì hu èéhù, mo sì da gbogbo rẹ̀ nù láìtọ́ ọ wò.

Tí Màmá báyìí: wọ́n rẹ àgbàdo, wọ́n mú un hù, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sè é láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sẹ́ ẹ sínú ìkòkò ńlá. Nígbà tó tutù, wọ́n na ọwọ́ sókè àjà lórí ààrò, wọ́n yọ orógùn kan tó dúdú, tí nǹkan funfun gbẹ mọ́ lára. Wọ́n fi ro ìkòkò náà, wọ́n sì dá orógùn padà sókè láìfi omi kàn án. Mo bi wọ́n pé ẹ ò ní í fọ̀ ọ́? Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n fọ ọmọ dànù.

Ìwúkàrà ló sùn sára igi yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣòfin bíà ní Bàfáríà ní 1516, báálì, hops (òdòdó kan tó ń mú bíà korò) àti omi nìkan ni wọ́n dárúkọ. Wọn kò dárúkọ ìwúkàrà, torí wọn kò tíì mọ̀ pé ó wà. Ó di ìgbà Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kó tó hàn kedere pé ohun abẹ̀mí ló ń mú ọtí hó. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Nọ́wè ti ń tọ́jú tiwọn sára igi gbígbẹ́, wọ́n á gbé e kọ́ títí di ìgbà mìíràn. Kveik ni wọ́n ń pè é. Lónìí, àwọn ilé ìpọntí káàkiri ayé ń ra kveik, wọ́n mọ abúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Orógùn Màmá wà lókè àjà, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Èyí dùn mí, mi ò ní í fi pamọ́ fún yín.

Mo sùn síbẹ̀ ọjọ́ méjì. Kò sí àwòrán, kò sí òṣùwọ̀n. Màmá a bẹ̀rẹ̀, a fi etí lé ẹnu ìkòkò. Wọ́n ní kí n wá gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé tó jìnnà. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ń ta pàrà-pàrà bí epo tí iná rẹ̀ kò pọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, wọ́n jí mi, wọ́n ní ó ti ń mí. Mo fetí sí i. Lóòótọ́, ó ń mí: ẹyọ kan, á dákẹ́, ẹyọ kan. Wọ́n ní, “Ó tó. Gbé asẹ́ wá.”

Òórùn Ìtòkò ló jáde. Mi ò lè sọ fún yín pé ìwúkàrà inú rẹ̀ àti ti Orval jẹ́ ọ̀kan náà, mi ò ní mákirosíkóòpù tó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ahọ́n mi sọ fún mi ni pé ó kan, ó gbẹ, ó dùn bí àgbàdo sísun fún ìṣẹ́jú kan, ó sì lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo mu lọ́dún náà, òun ni àkọ́kọ́. Pítò ìyá Sábó ni ìkejì. Orval ni ìkẹta.

Ní ti kíkorò, mo ní ohun kan láti fi kún un. Hops kì í hù níbí, àmọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ṣe ìwádìí lórí orógbó àti ewúro pé wọ́n lè dípò rẹ̀. Èyí tí mo pọn lẹ́ẹ̀kẹta ni mo rẹ́ orógbó méjì sí nínú omi lítà mẹ́wàá. Kíkorò rẹ̀ kì í tètè fara hàn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì tán ni yóò jókòó sí gbẹ̀rẹ̀ ahọ́n. Ọkọ mi tó pe Orval ní ewúro mu ife méjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí ìrẹsì Ọ̀fadà. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pè é ní ìrẹsì tálákà, tí wọ́n ń gbé e pamọ́ kí àlejò má bàa rí i. Lónìí, kò sí òde àríyá kan ní Abẹ́òkúta tí wọn kì í fi ewé bù ú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá àgbà láàyè ní Ìmálà, ní Ọ̀dẹ̀dá, ní Ìbàrà-Òrílé, ẹ mú ìwé àti bírò lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń rẹ ọkà, ewé wo ni wọ́n ń tẹ́, kí ni wọ́n ń gbọ́ nínú ìkòkò.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, Màmá ti gbẹ́ orógùn tuntun sílẹ̀ dè mí. Wọ́n ti fi ro ìkòkò méjì kó lè gba ìwúkàrà sára. Wọ́n wé e sínú ewé gbígbẹ, wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọmọ-ọ̀dọ̀ kankan fọ̀ ọ́. Ó wà lókè ilé ìdáná wa ní Àsérò báyìí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ro ìkòkò mi tó wà nílé. Kí n tó máa bọ̀ níbí láàárọ̀ yìí, mo fetí sí i, epo ló ṣì ń dún bí.